Eyín ṣóńṣó ajá mi kán: ta ni ẹ mọ̀ tó ń tọ́jú eyín ajá ní Adó-Èkìtì?

Ọmọ Baṣírì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ajá kan, akọ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, àdàlù Alsatian àti ajá ìbílẹ̀. Sátidé tó kọjá ni mo rí i pé eyín ṣóńṣó òkè rẹ̀ lápá òsì ti kán. Irin géètì ni mo fura sí, torí ó níwà kan: tí ọlọ́kadà bá ti ń kọjá, á fẹnu gbá irin mú, á máa mì ín bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Mo fi iná fóònù wo ibi tó kán. Eyín ṣẹ́kù bí ìdajì, àárín rẹ̀ wá ní ojú kékeré kan tó pọ́n, bí ìgbà tí wọ́n fi ṣóńṣó bírò pupa tọ́ ọ. Ó ṣì ń jẹun, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹ, tí mo bá sì fẹ́ fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, á gbé orí kúrò.

Mo kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn adìyẹ. Kò tilẹ̀ ya ẹnu ajá wò. Ó gún un lábẹ́rẹ́ kan, ó gbowó, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá gba òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ mọ̀ ní Adó tàbí nítòsí tó jẹ́ dókítà eyín ajá? Mo wá a títí, ti èèyàn nìkan ni mò ń rí.

Ọmọ Adó Gidi

Dókítà eyín ajá kẹ̀! Ẹ gbé e lọ sí Oǹdó, inú ìkòkò ni wọ́n á ti bá yín tọ́jú ẹ̀.

Alábòójútó

Ọmọ Adó, a ti rẹ́rìn-ín, ó tó. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó máa ran ẹni yìí lọ́wọ́ ni kó sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì Ajílósùn

Ọmọ mi, má dá wọn lóhùn jàre. Èmi náà wá dókítà eyín ajá bíi tìrẹ, mo wá a tó oṣù kan, àṣé orúkọ tí mo fi ń wá a ni kò jẹ́ kí n rí i. Kò sẹ́ni tó máa gbé pátákó síta ní Adó pé eyín ajá nìkan lòun ń tọ́jú. Dókítà ẹranko ni kó o wá. Òun náà ló ń tọ́jú ikùn, òun ló ń tọ́jú ẹsẹ̀, òun náà ló ń yọ eyín. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé àwọn kan nínú wọn mọ iṣẹ́ ẹnu dáadáa, àwọn kan sì wà tó jẹ́ màlúù àti adìyẹ ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́.

Tèmi, ajá kékeré onírun gígùn yẹn ni, Lhasa. Nígbà tó pé oṣù méje, mo rí i pé eyín ṣóńṣó rẹ̀ di méjì méjì lẹ́nu. Ti ọmọdé kò ká, ti àgbà sì ti hù tì í, àwọn méjèèjì dúró ti ara wọn bí ìbejì inú ilé mi. Mo ní ó rẹwà, mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp. Aládùúgbò mi kan tó ń kàwé ní Ìbàdàn ló rí fọ́tò náà, ló ní màmá, ẹ gbé ajá yìí lọ yọ ti ọmọdé kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ti ti àgbà gba ibi tí kò yẹ. Wọ́n yọ ọ́. Ọjọ́ kan náà la délé.

Dókítà Ẹranko, Ìkẹ̀rẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ mi ni, àmọ́ mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn mi, kò yẹ kí n fi ìṣòro ẹni ẹlẹ́ni polówó.

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ajá tó ti dàgbà ní eyín 42, ti ọmọ ajá jẹ́ 28, nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí méje sì ni ti ọmọdé máa ń ká tán. Tẹ́ ẹ bá rí eyín ọmọdé àti ti àgbà nínú ihò kan náà, ẹ má retí pé yóò ká fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ti Ọmọ Baṣírì. Àbúrò, nínú 42 yẹn, mẹ́rin péré ni ṣóńṣó, èyí tí à ń pè ní eyín ajá kódà tó bá jẹ́ ẹnu èèyàn ló wà. Èyí tí ẹ ń rí síta kò tó ìdajì rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju èyí tó yọ lọ, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ ẹran bí ìwo àgbò. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ ki ẹ̀mú bọ ẹnu rẹ̀ pé òun fẹ́ fà á. Á kán sínú. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ lára ajá kékeré, egungun àgbọ̀n gan-an lè dá, torí gbòǹgbò yẹn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú egungun iwájú àgbọ̀n.

Ojú pupa tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ̀mí eyín ni. Ibẹ̀ ni iṣan àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà, ó sì ń dun ajá yín gan-an bó tilẹ̀ ń jẹun. Ajá kì í dáwọ́ oúnjẹ dúró nítorí eyín, àfi tó bá bàjẹ́ kọjá ààlà. Tó bá ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú yẹn á di dúdú, ajá á sì dà bí ẹni tí ara ti yá. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ó ti lọ. Kò lọ. Eyín ti kú ni, ọyún wá ń kó jọ sí ìdí gbòǹgbò. Ti òkè ló wá burú jù, torí egungun fẹ́lẹ́ kan báyìí ló wà láàárín gbòǹgbò yẹn àti ihò imú. Tí ọyún bá jẹ ẹ́ lu, ẹ ó rí i kó máa sín, kí imú ẹ̀gbẹ́ kan máa dà, kí omi tó mu máa gba imú jáde.

Abẹ́rẹ́ tí ẹni yẹn gún un lè jẹ́ oògùn tó ń pa kòkòrò. Á rọ wíwú fún ọjọ́ díẹ̀, á tún padà, torí ihò tí kòkòrò ń gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀. Nǹkan méjì ló ń tán ọ̀rọ̀ yìí: ká yọ eyín náà, tàbí ká fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ ká sì dí i pa. Ìkejì yẹn gba irinṣẹ́ àti ẹni tó kọ́ṣẹ́ eyín ẹranko ní pàtó, fún ajá tó ń ṣọ́ ilé, yíyọ ti tó. Ọ̀nà kan wà láti gba ẹ̀mí eyín là fún ajá tó ṣì kéré, àmọ́ wákàtí 48 àkọ́kọ́ ló dára jù fún un. Ti yín ti kọjá ìyẹn.

Ọmọ Baṣírì

Ẹ ṣé gan-an, Dókítà. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, mà. Ìyàwó mi ti fún un ní ìdajì hóró oògùn ara ríro tiwa lánàá o. Ṣé kò sí nǹkan?

Dókítà Ẹranko, Ìkẹ̀rẹ́

Ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró lónìí yìí. Èwo ni? Tó bá jẹ́ ibuprofen tàbí diclofenac, ẹ máa ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀. Tó bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó ń bì, ẹ gbé e jáde kíá, torí àwọn oògùn yẹn máa ń dá egbò sínú ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fún un bẹ́ẹ̀ yẹn, fún ológbò ní tiẹ̀, májèlé ni. Oògùn ara ríro ti ajá wà, dókítà ló máa wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Baṣírì

Paracetamol ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré. A ò ní fún un mọ́.

Ọmọ Ọdẹ Ẹ̀fọ̀n

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mo ní kí n má sọ, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Bàbá mi ní ajá ọdẹ mẹ́ta. Ọdún kan, ọ̀kan nínú wọn dé láti oko, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé, itọ́ ń ṣe gúrúgúrú lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní egungun òkété ló há a láàárín eyín. Ó ki ọwọ́ bọ ọ́ lẹ́nu títí dé ọrùn ọwọ́, ó ń wá egungun. Kò rí egungun kankan. Ajá náà kò tilẹ̀ bù ú jẹ, ó kàn ń wò ó. Ọjọ́ kejì, kò lè dìde mọ́, ọjọ́ kẹta, ó kú. Dìgbòlugi ni.

Àwa tí a dàgbà sí abúlé, dìgbòlugi tí a mọ̀ ni èyí tó ń sáré kiri tó ń bu èèyàn jẹ. A ò mọ̀ pé ìkan wà tó dákẹ́, tó jẹ́ àgbọ̀n ló máa ń rọ. Ọpẹ́lọpẹ́ olùkọ́ kan tó ní kí wọ́n gbé àbúrò bàbá mi lọ sí ọsibítù kíá. Ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, ó wà láàyè títí dòní, ó sì ń bẹ̀rù ajá bí ẹni bẹ̀rù ṣọ̀pọ̀ná.

Dókítà Ẹranko, Ìkẹ̀rẹ́

Ọmọ Ọdẹ, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá, kó bi ara rẹ̀: ṣé ajá yìí gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi láàárín ọdún kan? Ṣé ẹnu rẹ̀ kò pa dé? Ṣé ohùn gbígbó rẹ̀ yí padà? Ṣé ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ olówó rẹ̀ mọ́? Tí èyíkéyìí nínú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tì í mọ́lé, ẹ pe dókítà wá bá a níbẹ̀. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn lójú egbò, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí pé ká dúró wò ó ná.

Ti Ọmọ Baṣírì kò jọ ọ́. Ó pa ẹnu dé, ó ń jẹun, a sì rí eyín tó kán. Ẹ kàn sọ fún mi pé ó ti gba abẹ́rẹ́.

Ọmọ Baṣírì

Ó gbà á, oṣù kẹta ọdún yìí, káàdì rẹ̀ wà nílé.

Olùkọ́ Ìkọ̀lé

Ìbéèrè kan tèmi. Dókítà eyín ti èèyàn pọ̀ ní Adó. Ṣé kò lè ṣe é? Eyín kì í ṣe eyín ni?

Dókítà Ẹranko, Ìkẹ̀rẹ́

Olùkọ́, ìbéèrè gidi ni. Òfin kò gbà á láyè láti dá tọ́jú ẹranko, oògùn oorun ajá kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ mo mọ ibi tí dókítà ẹranko ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà eyín wá dúró tì í, kó gbà á nímọ̀ràn lórí gbòǹgbò. Dókítà ẹranko ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ o.

Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà, Ìdó

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń yan dókítà, torí èmi ti gbówó fún ẹni tí kò yẹ rí. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù pè wọ́n ná. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń fún ajá ní oògùn oorun kí wọ́n tó yọ eyín. Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, pé ọkùnrin mẹ́rin á kàn di ajá mú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣe ti ajá mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀ pọ̀ mọ́ igi, eyín kán sínú, ọdún kan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń wú tó ń tú. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá rí aṣọ funfun lára èèyàn, abẹ́ ọkọ̀ ló ń sá sí.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun, tàbí ibi tí wọ́n máa rán yín lọ yà á. Ẹ bi wọ́n ta ló ń ṣọ́ mímí rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Ẹ má tijú láti bèèrè ìwé ẹ̀rí. Veterinary Council of Nigeria ló ń forúkọ dókítà ẹranko sílẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìwé àṣẹ náà dọ̀tun lọ́dọọdún. Dókítà gidi kì í bínú sí ìyẹn, ògiri ló máa ń gbé e kọ́ sí.

Tẹ́ ò bá mọ ẹnì kankan, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìwòsàn ẹranko lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ ní Adó, àwọn ló mọ ẹni tó ń ṣe kí ní agbègbè wo. Tọ́rọ̀ bá wá ju ti Èkìtì lọ, àwa tí a wà ní apá Ìdó àti Ọ̀tùn, Ìlọrin ló yá wa jù. Ọsibítù ẹranko wà ní yunifásítì wọn. Ìbàdàn náà ní, Abẹ́òkúta náà ní. Ẹni tó wà ní Adó á gba Àràmọ̀kọ já sí Iléṣà lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ gbọ́ o, ọlọ́kọ̀ èrò kò ní gbé ajá yín. Ọkọ mi gan-an kì í gbé e, èmi ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ọkọ̀ fún ara yín nìkan, tàbí kẹ́ ẹ bá ẹni tó ní ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má bọ́ ọ yó kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ tẹ́ àpò sábẹ́ ẹ̀, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ dání.

Ọmọ Adó Gidi

Mo tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ àárọ̀. Èmi náà ní ajá, òórùn ẹnu rẹ̀ lè lé olè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ṣé ìyẹn náà nílò dókítà?

Ìyá Ìbejì Ajílósùn

Ìyẹn ló mú ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò. Gbé ètè rẹ̀ sókè kó o wo ìdí eyín. Tó bá ti ní nǹkan pupa-rúsúrúsú tó le bí èéfọ́ ìkòkò, èérí eyín ni. Àwa ní orín, ajá kò ní. Èmi a máa fi aṣọ funfun wé ìka, ma rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ma fi pa ìta eyín rẹ̀ lálaalẹ́. Ó kọ́kọ́ bá mi jà, ní báyìí òun fúnra rẹ̀ ló ń wá jókòó síwájú mi.

Dókítà Ẹranko, Ìkẹ̀rẹ́

Màmá ti gba iṣẹ́ mi ṣe tán. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: kẹ́ ẹ má lo ọṣẹ ìfọyín tiwa. Ajá kò mọ bí wọ́n ṣe ń tu ú dànù, á gbé e mì, xylitol, ìyẹn èròjà adùn tó wà nínú àwọn kan, sì lè pa á. Ti ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn, aṣọ kò lè ká èyí tó ti le mọ́ ọn. Ó nílò kí wọ́n fún un ní oorun, kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì wo èyí tó ti ń mì.

Ẹni tó ní ọmọ ajá, ẹ má máa tú hóró tetracycline sínú oúnjẹ rẹ̀ nítorí ikùn. Eyín tó ń hù lọ́wọ́ á gba àwọ̀ rẹ̀, kò sì ní ṣí mọ́.

Ọmọ Baṣírì *(lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)*

Ẹ káalẹ́ o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Ẹ̀ka ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ló júwe dókítà kan fún mi, obìnrin ni, nínú Adó níbí. Mo bi í ní gbogbo ohun tí Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ní kí n bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ mi. Ó wọn ajá náà lórí ìwọ̀n, ó ní ìwọ̀n ara ló máa sọ iye oògùn oorun. Wọ́n ní kí n má fún un lóúnjẹ láti alẹ́.

Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó lé ní wákàtí kan. Ó la ẹran ìdí eyín, ó fi ẹ̀rọ ha egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi nǹkan pẹlẹbẹ kan gbọ̀n ọ́n títí tó fi tú sílẹ̀, ó wá fi òwú rán ẹran náà dé e. Òwú yẹn á yọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó gbé eyín náà sínú àwo fún mi, ó tó oríkèé méjì ìka kékeré mi, bẹ́ẹ̀ ìdajì òkè rẹ̀ ti kán lọ o. Dókítà Ìkẹ̀rẹ́, bí ìwo àgbò ni lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ ti ń dúdú.

Oúnjẹ rírọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ajá Èkìtì ni, iyán ló mọ̀, àmọ́ dókítà ní iyán á lẹ̀ mọ́ ojú ìránṣọ, torí náà ẹ̀kọ àti ẹja tí a ti ṣa egungun rẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń wò wá bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ètè òkè rẹ̀ máa ń há sórí eyín ìsàlẹ̀ nígbà míì, ó wá dà bíi pé ó ń yínmú sí wa. Wọ́n ní kò léwu, á mọ́ ọn lára.

Mo ti kan páànù mọ́ ẹ̀yìn géètì láti ilẹ̀ dé àyà mi, kò rí ọlọ́kadà mọ́, ohùn wọn nìkan ló ń gbó.

Eyín yẹn, ọmọ mi ọkùnrin ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ka òkúta mẹ́rin mọ́ ọn nítorí ọjọ́ orí ajá, ó ju gbogbo rẹ̀ sórí òrùlé, ó ní kí alángbá má rí i. Mo ní ti ajá àgbà kì í hù mọ́. Ó ní ṣé mo ti bi ajá ni.